Ṣùkù àgbàdo, bàbà àti iná sólà: ibi tí iṣẹ́ gan-an wà nínú sísọ ohun ọ̀gbìn di kẹ́míkà

Bí àgbàdo tuntun bá ti wọ Àkúrẹ́, láti Ọjà Ọba títí dé ọ̀nà Ọba-Ilé, a ó máa bá àwọn tó ń sè é àti àwọn tó ń sun ún lẹ́bàá ọ̀nà. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ṣùkù ló máa ń kù nílẹ̀. Àwọn kan á kó o dáná, àwọn kan á dáná sun ún dànù, òmíràn á bá ọ̀gbàrá lọ sínú gọ́tà. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ṣùkù gbígbẹ jẹ́ hemicellulose, ìyẹn ẹ̀wọ̀n ṣúgà kan tí inú ènìyàn kò lè dà, ṣùgbọ́n tí asíìdì àti ooru lè sọ di omi kan tó ń jẹ́ furfural. Látinú furfural ni a ti ń ṣe furfuryl alcohol, tí àwọn tó ń da irin yíyọ́ fi ń mú yanrìn le kí wọ́n tó da irin sínú rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni a ti lè rí 2-methylfuran tó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì bíi pẹtiróòlù, àti furoic acid tí ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà ń lò.

Furfural fúnra rẹ̀ ti pẹ́. Döbereiner ará Jámánì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1832, nígbà tó sì di nǹkan bí ọdún 1922, ilé-iṣẹ́ Quaker Oats ní ìlú Cedar Rapids ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún títà látinú èèpo ọkà oat tó ti di òkìtì sí wọn lọ́rùn. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń gbé yẹ̀ wò lákọ̀tun báyìí ni ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Láti sọ furfural di furfuryl alcohol, ooru ni ilé-iṣẹ́ ń lò, pẹ̀lú bàbà tí wọ́n pò mọ́ chromium, wọ́n á sì fi agbára fún gáàsì háídrójìn mọ́ ọn. Ara gáàsì inú ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú háídrójìn tí ayé ń lò ti ń wá. Ọ̀nà kejì ni kí a fi iná mànàmáná ṣe é nínú omi, láìdáná, kí háídrójìn tí iṣẹ́ nílò ti inú omi náà wá. Ní 2015, Hyun Gil Cha àti Kyoung-Shin Choi ní Yunifásítì Wisconsin–Madison lo ọ̀nà tó jọ èyí fún HMF, ọmọ ìyá furfural tó ń wá látinú ṣúgà èso. Wọ́n sọ ọ́ di FDCA, èròjà ike PEF, bẹ́ẹ̀ ni háídrójìn ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ lórí rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i.

Ìbéèrè tí a máa ń gbọ́ jù ni pé irin wo ni kí a rì sínú omi náà láti gbé iná wọ̀ ọ́. Ìbéèrè gidi ni, a ó sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi gbogbo owó rẹ̀ wá irin yóò rí i pé ibi tó le jù wà ṣáájú irin náà àti lẹ́yìn rẹ̀: bí a ṣe ń yọ furfural tó mọ́ kúrò lára ṣùkù, àti bí a ṣe ń yọ ohun tí a ṣe kúrò nínú omi. Iná tó ń lọ láàárín méjèèjì ló kéré jù nínú ìnáwó.

Láti ara ṣùkù

Ṣùkù tútù kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ títí yóò fi máa dún bí igi gbígbẹ tí a bá fi ọ̀kan lu èkejì, kí a tó lọ̀ ọ́ kó rí bíi gàrí tí kò kúnná. Fún ìdánwò inú láàbù, ìwọ̀n tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ni ṣùkù lílọ̀ 150 gíráàmù, sulphuric acid tó jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, 500 mìlílítà, àti iyọ̀ inú ọbẹ̀ 200 gíráàmù. A ó sè é nínú ìgò láàbù, a ó sì fi omi tútù gba oru rẹ̀ padà, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń ṣe ògógóró ní ìhà Ìkálẹ̀ ṣe ń gba oru ọtí. Iyọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí furfural rọ̀ mọ́ omi. Ó ń tì í sókè sínú oru.

Ẹ má lo páìpù bàbà tàbí ti álúmínì tí wọ́n fi ń ṣe ògógóró o. Asíìdì àti iyọ̀ yóò pa pọ̀ ṣe hydrochloric acid díẹ̀, tí yóò bá oru jáde, tí yóò sì jẹ páìpù náà. Gíláàsì ni kí ó jẹ́. Nítorí asíìdì kan náà ni a ṣe gbọ́dọ̀ fi sódà (sodium carbonate, kì í ṣe caustic soda) fọ ohun tó bá kán jáde kí a tó ṣe ohunkóhun mìíràn pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tó ń kán náà á kọ́kọ́ rú díẹ̀ bí omi tí a da mílíìkì sí. Bó bá tutù, yóò pín sí méjì. Furfural wúwo ju omi lọ, mìlílítà rẹ̀ kan tó gíráàmù 1.16, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni yóò jókòó sí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù èrè wọn, torí pé wọ́n á da omi òkè nù. Omi yẹn ṣì gbé nǹkan bíi gíráàmù mẹ́jọ furfural nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù rẹ̀. Ńṣe ni kí a dá a padà sínú ìgò tó ń hó. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, gíráàmù 16 sí 20 ni a ó rí nínú 150 yẹn.

Bí a bá rí mẹ́jọ péré, ohun tó sábà máa ń fà á ni pé oru náà kò tètè jáde. Furfural tó bá pẹ́ nínú asíìdì gbígbóná á bá ṣúgà tí kò tíì yí padà dọ́gbọ́n so pọ̀, wọ́n á di ohun dúdú kan tó rí bí ọ̀dà, tó ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìgò. Èyí tó bá ti di ọ̀dà kò ní padà wá mọ́. Fífi asíìdì kún un tàbí fífi iná kún un kò ní tún un ṣe, yóò kàn bà á jẹ́ sí i ni. Kí oru máa yára gbé e jáde ni oògùn rẹ̀.

Furfural tuntun mọ́ gaara tàbí kó pọ́n díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì jọ ti ẹ̀sẹ́ǹsì álímọ́ǹdì tí àwọn tó ń ṣe kéèkì máa ń kán sínú ìyẹ̀fun. Ẹ gbé e sínú ìgò funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, yóò pọ́n bíi tíì, yóò wá dúdú bíi kọfí. Ìgò aláwọ̀ dúdú, tí a dé pinpin, tí a fi sínú fíríìjì ni ilé rẹ̀. Májèlé ni, ó sì ń gba ara wọlé, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ ilé ìdáná rárá. Ìbọ̀wọ́, gíláàsì ojú àti ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa afẹ́fẹ́ jáde kò ṣeé yọ sílẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ bàbà

Ní ẹ̀gbẹ́ négétíìfù, electron, ẹyọ iná tín-ín-rín, ń ti ara irin jáde, ohun méjì ló sì ń dù ú. Bí furfural bá gbà á, ó di furfuryl alcohol. Bí omi bá gbà á, háídrójìn ni yóò dà, èyí tí a ó máa rí tó ń ru sókè bí ìhó ọṣẹ. Irin tó dára fún iṣẹ́ yìí ni irin tó lè di furfural mú díẹ̀, tí kò sì yára ṣe háídrójìn. Háídrójìn ti rọrùn jù fún plátínọ́ọ̀mù àti níkẹ́ẹ̀lì. Òjé kì í fẹ́ ṣe háídrójìn, ó lè ṣe iṣẹ́ náà, àmọ́ ó ń yọ́ wọ inú omi, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. A bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú bátìrì ọkọ̀ nítorí èyí. Bàbà wà láàárín àwọn méjèèjì, kò sì wọ́n: bàbà inú wáyà iná gan-an mọ́ ju ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò lọ.

Ohun tí bàbà yóò ṣe wà lọ́wọ́ omi tí a fi í sí. Nínú omi tí asíìdì rẹ̀ le, 2-methylfuran máa ń pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà náà máa ń pọ̀. 2-methylfuran sì tún ń hó ní nǹkan bí 64°C, nítorí náà ó ń bá gáàsì sá lọ bí a kò bá fi yìnyín gbà á. Nínú omi tí kò kan bí asíìdì tí kò sì korò bí omi eérú, furfuryl alcohol ló máa ń pọ̀ jù. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdánwò kan pẹ̀lú ìṣirò rẹ̀. Bàbà pẹlẹbẹ, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún níbùú àti lóòró. Kí a fi yanrìn pépà fọ̀ ọ́, kí a rì í sínú asíìdì fífúyẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí a fi omi tó mọ́ ṣàn án, kí a sì fi gọ́ọ̀mù èpóòsì bo ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè jẹ́ ojú kan ló ń ṣiṣẹ́. Omi rẹ̀ jẹ́ 200 mìlílítà tó ní iyọ̀ fọ́sféètì pọ́táṣíọ̀mù ní 0.5 mole (ìwọ̀n tí onímọ̀ kẹ́míkà fi ń ka ẹyọ) nínú lítà, pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe kan tàbí bó ṣe korò tó, wà ní nǹkan bíi méje. A ó fi furfural gíráàmù 0.96 sí i, ìyẹn 0.01 mole. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan furfural ń gba electron méjì, nítorí náà iná tó nílò jẹ́ 0.01 ìlọ́po 2 ìlọ́po 96,485, tó jẹ́ nǹkan bíi 1,930 coulomb, ìwọ̀n tí a fi ń ka iye iná. Bí a bá fi 0.25 ampere sí i, ìyẹn mìlíáńpíà mẹ́wàá lórí sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan níbùú lóòró, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni. Nítorí pé omi yóò jí nínú iná náà, bí ó bá jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló dé ọ̀dọ̀ furfural, yóò lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta.

Kí ni ìdí fọ́sféètì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Bí furfural ṣe ń gba electron náà ló ń gba háídrójìn inú omi, omi tó kù á sì máa korò. Nínú ìdánwò yìí, 0.02 mole ìkorò ni yóò jáde. Bó bá jẹ́ 0.1 mole fọ́sféètì nínú lítà la fi sí i, gbogbo fọ́sféètì inú 200 mìlílítà náà kò ju 0.02 mole lọ. Ìkorò á borí rẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí. A ó kàn rí i pé ohun tó ń jáde yí padà láàárín wákàtí kan sí èkejì, a ó sì máa fi bàbà sùn.

Láàárín négétíìfù àti pọ́sítíìfù, ohun kan gbọ́dọ̀ là wọ́n. Bí kò bá sí i, ohun tí bàbà ṣe níhìn-ín ni pọ́sítíìfù yóò bà jẹ́ lọ́hùn-ún. Àwọn láàbù ń lo awọ ike olówó ńlá bíi Nafion. Amọ̀ sísun tí a kò fi nǹkan dán lára ni wọ́n lò nínú bátìrì ayé àtijọ́, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ fún ìdánwò kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í dí ọ̀nà pátápátá. Ní pọ́sítíìfù, ọ̀pá dúdú inú bátìrì tọ́ọ̀ṣì lè ṣe é, àmọ́ ó máa ń yún, omi á sì dúdú. Èyí tó burú jù ni kí a lo plátínọ́ọ̀mù níbẹ̀ láìsí ohun tó là wọ́n: ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń lọ lẹ̀ mọ́ bàbà, bàbà náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe háídrójìn bíi plátínọ́ọ̀mù. A lè má fi ojú rí i rárá.

Bí furfural bá ti ń tán lọ nínú omi, ká dín iná kù. Ẹni tó bá fi ampere kan náà sí i dé ìparí, omi ni yóò kù láti gba electron, ìhó náà á sì pọ̀ sí i. Ìhó tó ń pọ̀ lójijì ni àmì àkọ́kọ́, kí ìwọ̀n èyíkéyìí tó sọ ọ́.

Eérú kòkó àti níkẹ́ẹ̀lì

Ọ̀rọ̀ yìí kan Oǹdó gan-an. Ìpínlẹ̀ yìí wà lára àwọn tó ń mú kòkó jáde jù ní Nàìjíríà, èèpo rẹ̀ sì ń rà nínú oko, níbi tí àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú ti ń rí ilé gbé. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ti mọ̀ tipẹ́ pé eérú èèpo kòkó le. Potassium carbonate ló wà nínú rẹ̀. Bí a bá fi omi jò ó, tí a sì se omi rẹ̀ pẹ̀lú láìmù tí a ti fi omi pa, yóò di potassium hydroxide, ẹfun yóò sì rọ̀ sísàlẹ̀. Fún 138 gíráàmù carbonate náà, láìmù 74 gíráàmù ni, 112 gíráàmù potassium hydroxide ni yóò sì jáde. Kí omi pọ̀ o. Bó bá ki jù, iṣẹ́ náà kì í parí. Láti mọ̀ bóyá ó parí, ẹ mú síbí kan nínú omi tó tòrò lókè, ẹ kán asíìdì sí i. Bó bá ṣì ń hó ṣììì, carbonate ṣì wà níbẹ̀.

Omi potassium hydroxide yìí ni níkẹ́ẹ̀lì ń fẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù, 56 gíráàmù nínú lítà. Níbẹ̀, ojú níkẹ́ẹ̀lì á yí padà di dúdú, ohun dúdú yẹn ló ń sọ furfural di furoic acid. Ó tún lè ṣẹ́ glycerol, tó ń kù sílẹ̀ nígbà tí a bá ń fi epo ṣe ọṣẹ tàbí dísẹ́ẹ̀lì, sí formate. Formate tí a bá fi asíìdì dá padà di formic acid, tí àwọn tó ní oko rọ́bà ní ìhà Òdìgbó àti Òkìtìpupa mọ̀: òun ni a fi ń mú oje rọ́bà dì.

Ṣùgbọ́n eérú kì í wá lóun nìkan. Irin gidi (iron) díẹ̀ máa ń bá a wá, láti ara ilẹ̀ tàbí láti ara agbada tí a fi sè é. Irin tín-ín-rín yẹn á wọ ara níkẹ́ẹ̀lì, á sì mú kó yára ṣe ọ́síjìn láti ara omi. Fún ẹni tó ń wá ọ́síjìn, oore ni. Fún ẹni tó ń wá furoic acid, òfò ni, nítorí ọ́síjìn yóò máa jẹ electron tó yẹ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Níkẹ́ẹ̀lì hydroxide tó mọ́ tí a bá pò mọ́ omi náà, tí a gbọ̀n ọ́n, tí a sì jẹ́ kó rọ̀, á gba irin náà lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, inú ike tí a dé ni kó wà, torí afẹ́fẹ́ á tún sọ ọ́ di carbonate.

Ibí yìí náà ni mímú iná lọ ti ń ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Furfural kò lè dúró nínú omi tó korò tó bẹ́ẹ̀ láìyí padà. Méjì rẹ̀ á so pọ̀ láìsí iná rárá: ọ̀kan á di furfuryl alcohol, èkejì á di furoic acid. Nítorí náà, bí iná bá lọ fún wákàtí méjì láàárín iṣẹ́, ohun tí a bá kà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ níkẹ́ẹ̀lì nìkan. Kí a máa ṣe ìgò kejì, omi kan náà, furfural kan náà, wákàtí kan náà, láìfi iná sí i, kí a sì yọ tirẹ̀ kúrò. Èsì tí kò bá ní ìgò kejì yìí, a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Pánẹ́ẹ̀lì sólà pẹ̀lú bátìrì dára ju iná ìlú lọ fún èyí, sẹ́ẹ̀lì (ìgò iṣẹ́ oníná) mẹ́rin tí a so tẹ̀lé ara wọn sì lè pín fóòtì méjìlá ní mẹ́ta mẹ́ta, bí ẹ̀rọ tó ń di ampere mú bá wà láàárín.

Omi ni gbèsè

Ẹ jẹ́ ká padà sí furfuryl alcohol. Láti ṣe kìlógíráàmù kan rẹ̀ ní fóòtì mẹ́ta, bí ìdá 70 iná bá ṣiṣẹ́, iná tó nílò jẹ́ nǹkan bíi 2.3 kilowatt-hour. Pánẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lórí òrùlé lè pèsè ìyẹn lójúmọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò wa, gíráàmù márùn-ún ló wà nínú lítà. Kìlógíráàmù kan yóò wà nínú 200 lítà omi. Láti sọ lítà omi kan di oru, ó ń gba nǹkan bíi 0.63 kilowatt-hour. Igba lítà, 126 kilowatt-hour! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo 2.3 láti ṣe é yóò lo ìlọ́po àádọ́ta rẹ̀ láti gbà á jáde.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí láàbù wa ní Àkúrẹ́ máa lé ju irin tuntun lọ ni bí a ó ṣe ṣe é ní 50 gíráàmù nínú lítà láìjẹ́ kó di ọ̀dà. Èyí nìkan yóò mú 126 wá sí nǹkan bíi 12.6. Ọ̀nà tó tún dára jù ni kí a má fi ooru lé omi rárá: kí a fi iyọ̀ kún un, kí a fi ethyl acetate fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé ethyl acetate ń hó ní 77°C, a sì lè gbà á padà lò. Kí a yẹ pH wò kí a tó gbé e kaná. Furfuryl alcohol tí asíìdì bá ṣì wà nínú rẹ̀ lè gbóná lójijì, kó le bí òkúta, tàbí kó bú gbàmù nínú ìgò. Sódà díẹ̀ la fi ń dènà rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé òun ti rí irin tó ń sọ ṣùkù di owó, ẹ bi í pé gíráàmù furfural mélòó ló rí nínú kìlógíráàmù ṣùkù kan, ìdá mélòó nínú iná ló dé ibi tó yẹ, gíráàmù mélòó ló wà nínú lítà nígbà tó pa iná, àti ohun tó rí nínú ìgò tí kò fi iná sí.